Ilẹ̀kùn Onírìmóòtù Ilé Oyèbánjí

Oyèbánjí ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Jọ́ọ̀sì títí irun fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun lórí rẹ̀, kí ó tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ wá kọ́ ilé sí ẹ̀gbẹ́ agbo ilé bàbá rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú rárá. Ó bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀, kò sì sí ọmọ ẹbí tí yóò fi ẹkún wọ ilé rẹ̀ tí yóò tún fi ẹkún jáde. Àléébù kan ṣoṣo tí a mọ̀ mọ́ ọn ni pé kò fẹ́ kí ojú ti òun láé. Ẹ̀yin náà sì mọ irú wọn: kí àlejò má baà rí i pé igi kù nínú iná, wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àga ìjókòó dáná.

Ìyá rẹ̀ ń bá a gbé. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Ojú rẹ̀ ti ṣú pátápátá, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú ju ti ológbò lọ. Ilẹ̀kùn pákó kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé náà, tí ó kọjú sí agbo ilé, ibẹ̀ ni àwọn ẹbí ń gbà wọlé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yìí ni Ìyá Àgbà máa ń gbé àga rẹ̀ sí láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá dé, yóò kígbe pé, "Àgò onílé o!" Ìyá Àgbà yóò dáhùn láti inú ilé pé, "Ta nìyẹn?" Ìgbà tí onítọ̀hún bá dárúkọ tán ni yóò tó fa ọ̀pá ìdábùú sẹ́yìn, tí yóò sì ní, "Àgò yà o, ẹ máa wọlé." Kò sí ẹni tí kì í bi. Ìbídùn, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó tọ́ dàgbà, á ti ibi iṣẹ́ dé, Ìyá Àgbà á ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìkóríta, síbẹ̀ á bi í.

Ìbídùn bá a wí ní ọjọ́ kan. Ó ní, "Ìyá Àgbà, ẹ mọ̀ pé èmi ni, kí lẹ tún ń bi mí sí?"

Ìyá Àgbà ní, "Mo mọ ẹsẹ̀ ẹ. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ìwọ ló wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá jẹ́ alààyè á dáhùn. Ẹni tí ò bá dáhùn, kó máa bá tiẹ̀ lọ níta níbẹ̀."

Ẹni tí ìbéèrè yìí dùn mọ́ jù ni Bàbá Oyèdélé, àbúrò ọkọ rẹ̀, tí ilé tirẹ̀ kò jìnnà ju ìdàkejì ògiri ọgbà lọ. Ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ tí ó bá nílé, nítorí náà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e níyàwó ni Ìyá Àgbà ti fún un ní orúkọ tirẹ̀, Adúmáadán. Nígbà tí ọkọ Ìyá Àgbà kú, tí wọ́n ṣì ń ṣú opó, àwọn àgbà ilé kó fìlà àwọn ọkùnrin ilé sílẹ̀ níwájú rẹ̀ pé kí ó mú ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́. Fìlà àrán Adúmáadán ni ó wà lókè pátápátá, bóyá òun fúnra rẹ̀ ni ó tilẹ̀ gbé e síbẹ̀. Obìnrin náà na ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀, ó mú fìlà pélébé ti Oyèbánjí ọmọ rẹ̀, ó sì gbé e lé àyà. Opó tí ó bá ti mú fìlà ọmọ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ tán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún bi í.

Adúmáadán rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò gbàgbé. Ó fẹ́ ìyàwó, ó bímọ, ìyàwó náà kú, ó di arúgbó. Bí oòrùn bá sì ti ń wọ̀ lójoojúmọ́, a ó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn pákó.

"Àgò onílé o!"

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, ìyàwó."

"Ẹ̀yin ta ni?"

"Èmi tí o kọ fìlà mi."

Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà á jẹ́ kí ó dúró díẹ̀ sí i kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Wọn á jókòó, Adúmáadán á fín aṣáà rẹ̀, wọn á máa ka àwọn òkú tí wọ́n jọ mọ̀ nígbà tí wọ́n wà láàyè, títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ní ọdún tí ọkọ àfẹ́sọ́nà Ìbídùn rán àwọn àgbà rẹ̀ wá láti Ìlọrin láti wá mọ ilé, ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ni awakọ̀ wọn ṣèèṣì gbé wọn lọ. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọn kò sì kí àgò. Ìyá Àgbà bi wọ́n pé, "Ta nìyẹn?" Wọ́n ní àlejò ni. Ó ní àlejò kì í ṣe orúkọ. Wọ́n ní àna ni. Ó ní àna ta ni. Nígbà tí Oyèbánjí fi sáré débẹ̀, àwọn àgbààgbà wọ̀nyí ti dúró nínú oòrùn títí aṣọ ìgúnwà fi lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn. Ojú ti Oyèbánjí débi pé kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti fọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé yẹn, ó yọ ilẹ̀kùn pákó, ó kọ́ ilé ọkọ̀ síbẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi ilẹ̀kùn onírin tí ń fi iná mànàmáná ká ara rẹ̀ lọ sókè sí i.

Tàfá oníná ni ó wá ṣe é. Tàfá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ju oúnjẹ lọ. Ó to gbogbo ohun tí ó lè ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ bí ẹni pàtẹ ọjà. Ó ní èyí ni rìmóòtù, ènìyàn lè so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀; èyí ni pátákó nọ́ńbà tí à ń kàn mọ́ ògiri, ẹni tí ó bá mọ nọ́ńbà nìkan ni yóò ṣí i; ó sì ní bí ọ̀gá bá fẹ́, òun lè fi sínú fóònù, ọ̀gá á wà ní Jọ́ọ̀sì, á sì ṣílẹ̀kùn ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìyá Àgbà wà lórí àga rẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, èwo nínú wọn ló máa ń béèrè pé ta nìyẹn?"

Tàfá rẹ́rìn-ín. "Màmá, ilẹ̀kùn ni, kì í ṣe ènìyàn. Ẹni tó bá ti tẹ bọ́tìnì, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn, á ṣí fún un."

"Àní bí ò bá dáhùn ńkọ́?"

"Kò sí pé à ń dáhùn níbẹ̀, Màmá. Ẹ sinmi."

Rìmóòtù ni Oyèbánjí mú, nítorí pé ó ṣeé fún ènìyàn lọ́wọ́. Ó rà á lọ́pọ̀, ó pe àwọn àgbà ẹbí jọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ ò gbọdọ̀ kanlẹ̀kùn ilé ọmọ yín mọ́." Wọ́n súre fún un títí ọ̀fun wọn fi gbẹ. Àwọn kan tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn lọ sókè, ó padà wálẹ̀, ó tún lọ sókè, àwọn àgbà ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Adúmáadán kò so tirẹ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́, nítorí kò ní ọkọ̀. Ó fi okùn awọ há a mọ́ ọrùn, lábẹ́ bùbá rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà ń tún ìró rẹ̀ ró nígbà tí irin kígbe, ilẹ̀kùn lọ sókè, òórùn aṣáà sì wọlé tọ̀ ọ́ láìsí ohùn kankan níwájú rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

Adúmáadán ò dáhùn. Ó wá jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kọ́kọ́ fín aṣáà rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyàwó, o ti bi mí tó. Ilẹ̀kùn ti mọ̀ mí báyìí."

Ọ̀rọ̀ náà bí Ìyá Àgbà nínú gidi. Ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi mọ́, Adúmáadán. Èmi ò sọ pé kẹ́ ẹ wọlé." Ọkùnrin náà rò pé eré ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wọlé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ láìkí àgò, tí Ìyá Àgbà á máa sún àga rẹ̀ kúrò nítòsí tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé lọ́dún náà, ó dé pẹ̀lú ìkà. Ikọ́ mú Adúmáadán, kò sì tú u sílẹ̀. Wọ́n sin ín sí iwájú ilé ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà, lẹ́yìn ògiri ọgbà tí ó wà láàárín rẹ̀ àti ilé ọkọ̀ Oyèbánjí, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ojú oórì rẹ̀. Ìyá Àgbà sunkún rẹ̀ dáadáa. Ó ní àwọn tí òun lè bá ka òkú ti tán.

Àwọn tí ó wá síbi ìsìnkú kò tíì túká tán nígbà tí ìrọ̀lẹ́ kan dé, tí ilẹ̀kùn ilé ọkọ̀ sì kígbe, tí ó lọ sókè fúnra rẹ̀. Ìyá Àgbà gbé orí sókè.

"Ta nìyẹn?"

Kò sí ohùn. Ilẹ̀kùn dúró sókè díẹ̀, ó sì tún wálẹ̀. Nígbà tí Táyélolú, ìyàwó Oyèbánjí, jáde láti ilé ìdáná, ó bá Ìyá Àgbà tí ó di apá àga mú gírígírí.

"Màmá, ta ló wọlé?"

"Ìwọ lo ní ojú, ìwọ ni kó o sọ fún mi. O gbóòórùn nǹkan kan?"

Táyélolú fín imú. Òórùn aṣáà ni. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ara aṣọ àga ni ó ti ń wá.

Bẹ́ẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń wọ̀ ni ó máa ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí kùrukùru ọyẹ́ bá ti sọ gbogbo nǹkan di àwọ̀ eérú. Táyélolú fúnra rẹ̀ lúgọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ní ìrọ̀lẹ́ kan kí ó lè mú ọmọ tí ń fi àgbà ṣeré. Ilẹ̀kùn lọ sókè. Kò sí ọmọ kankan, kò sì sí ẹnikẹ́ni níta. Àgbò kan wà tí wọ́n so mọ́ ilé ọkọ̀ náà, tí wọ́n ń bọ́ de ìgbéyàwó Ìbídùn. Àgbò yìí dìde lórí ìdùbúlẹ̀, ó sún sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ó fi fara ti ògiri, bí ènìyàn ṣe máa ń yà fún àgbà lọ́nà. Ó wá ń fi ojú tẹ̀ lé nǹkan kan láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí Ìyá Àgbà jókòó sí. Táyélolú kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fẹ́ sáré, ṣùgbọ́n àtẹ ẹ̀wà tí ó ń ṣà ti dà sílẹ̀ tán kí ó tó mọ̀.

Oyèbánjí kò gbà pé òkú lè ṣílẹ̀kùn. Ó ní rìmóòtù kan ti bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́ṣà. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ ṣe fẹ́ lọ bá àwọn bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n kó ẹ̀bùn jáde wò? Ó dọ́gbọ́n. Ó ra bátìrì tuntun, ó ń lọ láti ilé dé ilé pé òun wá pààrọ̀ bátìrì fún wọn. Olúkúlùkù mú tirẹ̀ jáde. Tirẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ wà nílé. Ti Adúmáadán nìkan ni ó kù.

Ó lọ bá Bàbá Ọlánígbàgbé, tí ó ṣáájú àwọn tí ó wẹ òkú. Ó bi í bóyá wọ́n rí nǹkan kan lọ́rùn olóògbé.

Bàbá Ọlánígbàgbé fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Ohun dúdú kékeré yẹn, tí wọ́n fi awọ há sọ́rùn, tó ní ojú pupa? A rí i. Ońdè ni, oògùn ìṣọ́ra. Mo ní kí n tú u, kó má baà dá a dúró lọ́nà. Bí ọwọ́ mi ṣe kàn án báyìí, ojú pupa yẹn ṣẹ́jú, irin kan sì ké ní ìdàkejì ògiri. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sá jáde. Oyèbánjí, ta ló máa tú irú ońdè bẹ́ẹ̀ lọ́rùn olówó ẹ̀? A fi í sílẹ̀ fún un. Ó gbé e lọ."

Oyèbánjí kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún. Kò lè sọ fún bàbá náà pé òun ni òun ra ońdè ọ̀hún. Ó pe Tàfá, ó sì ro ẹjọ́ fún un níwájú Ìyá Àgbà.

Tàfá yọ fìlà, ó họ orí. Ó ní, "Ó yé mi, ọ̀gá. Erùpẹ̀ ló ń rì. Bó bá ti ń rì ló ń tẹ bọ́tìnì. Bátìrì ẹ̀ máa kú, gbogbo ẹ̀ máa parí."

Ìyá Àgbà ní, "Bó bá jẹ́ erùpẹ̀ ni, ọmọ mi, ta ló kọ́ erùpẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́?"

Tàfá dé fìlà rẹ̀ padà.

Ìyá Àgbà wá na ọwọ́ títí ó fi rí apá ọmọ rẹ̀ dì mú, ó sì fi oríkì pè é. "Àjàní, gbọ́ mi. Mi ò bẹ̀rù ikú. Ẹni tó ti gbó bí tèmi kì í bẹ̀rù ẹ̀. Àmọ́ mi ò fẹ́ lọ báyìí. Mo fẹ́ gbé ọwọ́ lé Ìbídùn lórí kí wọ́n tó mú un lọ sí Ìlọrin. Ohun tí mo ń tọrọ ò ju ìyẹn lọ. Ọkùnrin yìí ń wá mi. Lójoojúmọ́ ló ń súnmọ́ mi sí i. Lánàá, mo gbọ́ èémí ẹ̀ létí mi. Mo bi í, kò dáhùn. Yọ irin yìí fún mi. Fún mi ní pákó mi àti ọ̀pá ìdábùú mi."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Oyèbánjí lára. Ṣùgbọ́n ó rántí pé àwọn àna Ìlọrin ń padà bọ̀. Ó rò ó pé kí wọ́n wá bá ihò nínú ògiri, tàbí pákó àtijọ́ tí ó lé wọn sóòrùn lọ́jọ́sí. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí ìgbéyàwó kọjá. N ó yọ ọ́." Ó wá bi Tàfá bóyá ọ̀nà míràn wà. Tàfá ní ó wà: wọ́n lè pa orúkọ gbogbo rìmóòtù rẹ́ nínú ọpọlọ ẹ̀rọ náà, kí ó má dá ọ̀kankan mọ̀ mọ́, kí wọ́n sì fi tuntun méjì péré hàn án.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Rìmóòtù kú lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹbí, wọ́n bínú, wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ ọ̀tún fún ni kí á fi tòsì gbà á padà. Oyèbánjí gba gbogbo ìbáwí yẹn sára nítorí ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á yìn ín níbẹ̀. Tuntun kan wà lápò rẹ̀, ìkejì wà lọ́wọ́ Táyélolú.

Ilẹ̀kùn náà sì dákẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ń dé, ìrọ̀lẹ́ ń lọ, irin kò ké. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáadáa. Ó tilẹ̀ mú gèlè tí ó fẹ́ wé níbi ìgbéyàwó jáde, ó ń fi ọwọ́ pa á, ó ń bi Ìbídùn bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí. Tàfá ń rìn káàkiri àdúgbò pé òun ti gba ilẹ̀kùn lọ́wọ́ òkú.

Ìgbéyàwó ku ọ̀la. Gbogbo ilé wà lẹ́yìnkùlé, àwọn obìnrin ń gé ẹran, wọ́n ń yọ́ epo, ariwo gba gbogbo ibẹ̀. Wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ náà kò sì tíì dún, nítorí wọ́n ń fi epo rẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ kejì. Oòrùn ń wọ̀, ọyẹ́ sì nípọn débi pé a kò rí òrùlé Adúmáadán láti ẹ̀yìnkùlé mọ́. Ìyá Àgbà nìkan ni ó wà lórí àga rẹ̀ nítòsí ilé ọkọ̀.

Irin kígbe.

Táyélolú gbọ́ ọ, ó sì rò pé ọkọ òun ni. Àfi ìgbà tí ó gbé ojú sókè tí ó rí Oyèbánjí tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, tí òun náà ń wo ojú rẹ̀. Iná kò sí nínú ilé. Rìmóòtù Táyélolú wà ní etí ìró rẹ̀ tí ó ta ní kókó, ó fi ọwọ́ kàn án.

Wọ́n gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà. "Ta nìyẹn?"

Ó tún béèrè. "Mo ní ta nìyẹn?"

Lẹ́yìn náà, gbogbo wa tí a wà lẹ́yìnkùlé gbọ́ ọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tí ẹlòmíràn ń dá lóhùn. A kò gbọ́ ohùn ẹni kejì náà. Ohùn rẹ̀ kò ní ìbẹ̀rù kankan nínú mọ́. Ohun tí a gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ó dáa náà. Ẹ jẹ́ n mú gèlè mi."

Oyèbánjí ju orógùn sílẹ̀, ó sáré. Nígbà tí ó débẹ̀, ilẹ̀kùn wà lókè, àga ṣófo, àgbò sì fara ti ògiri, ó ń gbọ̀n. Níta, kò sí nǹkan kan ju eruku funfun lọ. Ó ń pariwo pé, "Màmá! Màmá!" Àwa tí a jẹ́ aládùúgbò tú síta, a ń kígbe orúkọ rẹ̀ nínú kùrukùru, afọ́jú tí kì í dá jáde kúrò nínú ilé. Ìbídùn ni ó kọ́kọ́ ronú kan ìdàkejì ògiri ọgbà.

Ojú oórì Adúmáadán ni a ti bá a. Ó jókòó lórí sìmẹ́ńtì náà, ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ó ti wé gèlè rẹ̀ dáadáa, ìdí gèlè náà kò wọ́. Ó ti kú. Ọyẹ́ ti da eruku bo gbogbo ojú oórì yẹn láti ìgbà tí ó ti dé, kò sì sí ẹni tí ó gbá a. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí Ìyá Àgbà jókòó sí, àyè kan wà tí ó mọ́ tónítóní, tí ó fẹ̀ tó ibi tí ènìyàn kan lè jókòó sí. Gbogbo wa rí i.

Ìbídùn wólẹ̀, ó gbé ọwọ́ ìyá bàbá rẹ̀, ó fi lé orí ara rẹ̀, ó dì í mú síbẹ̀. Ọwọ́ náà ti tutù. Ẹkún tí ó sun lọ́jọ́ náà kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè gbọ́ kí ó dúró.

Oyèbánjí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí obìnrin ṣe ń pọn ọmọ, ó ń rìn níwájú, àwa ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé ẹnu ilé ọkọ̀, ilẹ̀kùn náà ti wálẹ̀, ó tì pa. Ó yọ rìmóòtù láti inú àpò, ó tẹ̀ ẹ́. Irin kò mira. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá. Táyélolú tẹ tirẹ̀. Iná kò sí, báwo ni yóò ṣe ṣí? Ilẹ̀kùn tí ó ṣí fún ẹni tí kò ní ara kò dá ẹni tí ó fi owó rà á mọ̀.

Ẹnìkan nínú wa ì bá ti sọ pé kí á gba ẹnu ọ̀nà iwájú lọ. Oyèbánjí dúró níwájú irin náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, ó sì gbé ohùn sókè bí ọmọ kékeré tí ó ti ibi eré dé tí ó bá ilẹ̀kùn ní títì.

Ó ní, "Àgò o! Àgò onílé o!"

Ó dúró, ó ń retí. Kò sí ẹni tí yóò bi í pé ta nìyẹn.

Bàbá Ọlánígbàgbé ni ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, tí ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan jẹ́jẹ́ sí i létí. Ọ̀rọ̀ náà ni àwọn àgbà àdúgbò wa ń pa lówe títí di òní fún ẹni tí ó bá ń yára ṣí ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, pé: ilẹ̀kùn tí kì í béèrè pé "Ta nìyẹn?", bí ó ti ń ṣí fún aráyé ni yóò ṣí fún ará ọ̀run.